Ìgbàrà-Odò, Òjò, àti Aṣọ Ìkélé tí a Lè Rán Nílé

Lọ́sẹ̀ yìí, Èkìtì ni a ń lọ. Kì í ṣe Adó tí í ṣe olú-ìlú, kì í sì í ṣe Ìkógòsì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nítorí omi gbígbóná rẹ̀, bí kò ṣe ìlú kan tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lọ sí Ìkógòsì máa ń gbà kọjá láì bojú wo ọ̀tún tàbí òsì. Orúkọ ìlú náà ni Ìgbàrà-Odò. Ohun tí a sì fẹ́ fi hàn yín lójú ọ̀nà rẹ̀ kì í ṣe òkè, kì í ṣe omi. Ohun kékeré kan ni, tí ó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta: aṣọ ìkélé tí ń dènà òjò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ wa dé òpin, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ owó ilé wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ọmọ sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀NÀ ÌGBÀRÀ-ODÒ

Bí ẹ bá gbéra láti Adó-Èkìtì, ẹ óò kọ́kọ́ dé Ìlawẹ̀, ìlú Aláwẹ̀, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì wà. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ yìí kan náà ni Ìgbàrà-Odò àti Ògòtún wà. Láti Ìlawẹ̀, ọ̀nà ń yí láàrin òkè àti igbó, oko kòkó níhìn-ín, oko iṣu àti ẹ̀gẹ́ lọ́hùn-ún, títí ẹ óò fi wọ Ìgbàrà-Odò, ìlú tí Arájàká jẹ́ ọba rẹ̀.

Ẹ má ṣe ṣì í pè ní Ìgbàrà-Òkè o. Ìgbàrà-Òkè wà ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, lójú ọ̀nà tí ó ti Àkúrẹ́ lọ sí Iléṣà. Nígbà kan, ìpínlẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni ààlà ìpínlẹ̀ wọ àárín wọn. Ṣùgbọ́n ààlà kò dá ọjà dúró, kò sì dá òjò dúró.

Bí ẹ bá tún tẹ̀síwájú láti Ìgbàrà-Odò, ẹ óò dé Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀. Ní ojúsun rẹ̀, omi náà gbóná. Ó ń ṣàn lọ, ó ń tutù díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi pàdé ìsun omi tútù tí ó wà nítòsí rẹ̀. Nítorí omi yìí ni àwọn àlejò ṣe ń gba ojú ọ̀nà yìí kọjá, àwọn ọmọ ilé-ìwé pẹ̀lú olùkọ́ wọn, tọkọtaya tuntun, àti àwọn ará Èkó tí wọ́n fẹ́ sinmi.

Ní apá kejì ẹ̀wẹ̀, ẹ óò rí Ògòtún, ìlú tí àwọn obìnrin rẹ̀ ti fi ẹní híhun gba orúkọ láti ayébáyé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹní yìí sọ́kàn, nítorí a óò padà sórí rẹ̀.

ÒJÒ ÈKÌTÌ ÀTI KẸ̀KẸ́ MÀRÚWÀ

Òjò Èkìtì kì í ṣe eré. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá ni ó fi ń rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Ó lè ṣú lórí òkè lójijì, kí ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ kí ẹ tó ká aṣọ kúrò lórí okùn. Àwọn àgbà ní òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni òjò bá rí ni òjò ń pa. Lójú ọ̀nà wọ̀nyí, ẹni tí òjò sì ń rí jù ni ẹni tí ó wà lórí ọ̀kadà àti ẹni tí ó wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Gbogbo yín ni ẹ mọ kẹ̀kẹ́ yìí. A ń pè é ní kẹ̀kẹ́ Màrúwà nítorí pé láàrin ọdún 1996 sí 1999, nígbà tí Buba Marwa jẹ́ alákòóso ológun ní Èkó, ni ó di ohun tí a mọ̀ dáadáa ní ìgboro Èkó. Nígbà tí ó di ọdún 2001, ìjọba àpapọ̀ dá ètò kan sílẹ̀ láti gbógun ti òṣì, tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NAPEP. Ètò yìí pín kẹ̀kẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n lè fi ṣiṣẹ́ jẹun, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe gba orúkọ kejì, kẹ̀kẹ́ Napep. Ilẹ̀ Íńdíà ni a ti ń kó ọ̀pọ̀ wọn wá, irú Bajaj àti TVS.

Kẹ̀kẹ́ yìí ní òrùlé. Ó ní gíláàsì níwájú. Ṣùgbọ́n kò ní ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí òjò bá ká kẹ̀kẹ́ mọ́ ojú ọ̀nà. Ìyá kan tí ó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ yóò ké pé: “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá wa sọ tapólì yẹn kalẹ̀ o, òjò ti pa ọmọ tán!” Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń wa kẹ̀kẹ́ yóò dá a lóhùn pé: “Ẹ má bínú, Àlàájà. Bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀, mi ò ní rí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́.”

Ta ni ó jàre nínú àwọn méjèèjì? Àwọn méjèèjì ni. Òjò tí ń pa ọmọ ọwọ́ kì í ṣe ohun tí à ń fojú fò. Ṣùgbọ́n tapólì dúdú tí ó bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bo jígí mọ́ awakọ̀ lójú. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń bọ̀ lẹ́yìn, tàbí bí ọmọ ilé-ìwé kan bá ń sáré kọjá títì nínú òjò, kò ní rí i títí yóò fi di ìṣẹ́jú ìkẹyìn. Àwọn kan a ya ọ̀rá ìdìrù, wọn a fi okùn so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́. Ìyẹn ń jẹ́ kí a ríran díẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọjọ́ kan péré ti tó láti fà á ya.

Ohun tí a ń wá nìyí: aṣọ ìkélé tí kò jẹ́ kí òjò wọlé, tí kò sì dí ojú. Aránṣọ ilé lè fi ẹ̀rọ tí ó fi ń rán búbá àti ìró rán an.

OHUN ÀTIJỌ́ NI

Kì í ṣe òní ni ọmọ aráyé ti ń fi aṣọ ìkélé dí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí kò ní ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ Ford tí a ń pè ní Model T, tí wọ́n ṣe láti ọdún 1908 títí dé 1927, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Aṣọ tí wọ́n fi bọ́tìnnì dè ni wọ́n fi ń gba òjò dúró. Ohun tí wọ́n fi ṣe fèrèsé sí i lára nígbà náà kì í tọ́jọ́, ó máa ń pọ́n, ó sì máa ń sán.

Ní ọdún 1926, ọ̀gbẹ́ni Waldo Semon, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé-iṣẹ́ B. F. Goodrich ní Amẹ́ríkà, rí ọ̀nà tí a fi lè sọ ike líle kan tí a ń pè ní PVC di rírọ̀ bí rọ́bà. Láti inú irú ike rírọ̀ yìí ni rọ́bà orí tábìlì ti jáde wá, àti lẹ́dà ìjókòó ọkọ̀, àti rọ́bà mímọ́ gaara tí a ń wí yìí. Ní òkè òkun, àwọn tí ó ní ọkọ̀ ojú omi kékeré máa ń ra rọ́bà gaara náà, wọn a jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ nílé, wọn a sì rán aṣọ ìkélé sí ọkọ̀ wọn kí ìgbì má baà ta omi sí wọn lára. Ìgbàrà-Odò kò ní ọ̀sà. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí ó wà nínú òjò Èkìtì àti ọkọ̀ tí ó wà lórí omi, ohun kan náà ni ó ń dà wọ́n láàmú, oògùn kan náà ni a sì lè fi wò wọ́n.

OHUN TÍ Ẹ ÓÒ RÀ

Ẹ lè rí rọ́bà gaara lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta rọ́bà orí tábìlì àti àwọn tí ń ta lẹ́dà ìjókòó ọkọ̀ ní àwọn ìlú ńlá bí Adó tàbí Àkúrẹ́. Ẹ má ra èyí tí ó fẹ́lẹ́ jù, nítorí pé yóò ya. Ẹ má sì ra èyí tí ó nípọn jù, nítorí pé ẹ̀rọ ilé kò ní lè gún un. Èyí tí ó nípọn tó ìdajì mìlímítà ni ó dára jù fún ẹ̀rọ aláfọwọ́yí tàbí ẹlẹ́sẹ̀. Bí ẹ̀rọ yín bá lágbára, ẹ lè lo èyí tí ó tó mìlímítà kan dín ìdá mẹ́rin rẹ̀.

Lẹ́yìn rọ́bà, ẹ ra tapólì tí ó rọ̀, nítorí pé kì í ṣe gbogbo aṣọ ìkélé náà ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ rọ́bà gaara. Ìsàlẹ̀ níbi tí orúnkún àti ẹrù ti ń ha á, tapólì ni kí ó wà níbẹ̀. Àárín tí ojú ń wò ni kí ẹ fi rọ́bà gaara sí.

Òwú ńkọ́? Ẹ má lo òwú kọ́tìnì, nítorí omi yóò mú un jẹrà. Òwú pọlisítà ni kí ẹ lò, èyí tí ó nípọn díẹ̀, nítorí ó ń fara da oòrùn àti òjò. Kí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ yín jẹ́ nọ́ńbà 16 tàbí 18.

BÍ A TI Ń WỌ̀N ỌN

Ẹ má ṣe wọn kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn kí ẹ fi rán ti ẹni tí ó bẹ̀ yín níṣẹ́, nítorí wọn kì í dọ́gba. Ẹ mú téèpù lọ sí ìdí kẹ̀kẹ́ náà gan-an. Ẹ wọn ìbú ẹnu ọ̀nà àti gíga rẹ̀. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé kí ó jókòó sí àyè rẹ̀, kí ó wo jígí, kí ó sì wo ọ̀tún àti òsì. Ibi tí ojú rẹ̀ ń gbà kọjá ni kí ẹ fi ẹfun sàmì sí. Ibẹ̀ ni fèrèsé gbọ́dọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ. Bí ìbú ẹnu ọ̀nà bá jẹ́ ínṣì 36, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ ínṣì 44, ẹ fi ínṣì 3 kún ọ̀tún, kí ẹ fi 3 kún òsì, kí ẹ fi 4 kún òkè, kí ẹ sì fi 2 kún ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́tí. Tapólì tí ẹ óò gé yóò jẹ́ ínṣì 42 ní ìbú àti 50 ní gíga. Bí fèrèsé bá jẹ́ ínṣì 24 ní ìbú àti 20 ní gíga, rọ́bà gaara tí ẹ óò gé fún un gbọ́dọ̀ jẹ́ 26 ní ìbú àti 22 ní gíga, kí ínṣì kan lè wà yíká fún rírán.

Ọ̀pọ̀ rọ́bà gaara tí ń bọ̀ nínú ìdì ni ó fẹ̀ tó ínṣì 54. Ẹ wò ó: 26 àti 26 jẹ́ 52. Nítorí náà, fèrèsé ọ̀tún àti ti òsì yóò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti inú ọ̀pá kan ṣoṣo, èyí tí í ṣe ínṣì 36, ẹ óò sì tún ní èyí tí ó ṣẹ́kù fún àtúnṣe. Ẹni tí kò bá ṣe ìṣirò yìí kí ó tó dé ọjà yóò ra ọ̀pá méjì, owó rẹ̀ yóò sì lọ lásán.

BÍ A TI Ń RÁN AN

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ibí yìí dáadáa, nítorí pé ìwà rọ́bà yàtọ̀ sí ìwà àǹkárá.

Èkíní, ẹ má fi pín-ìn-nì gún un. Ihò tí ẹ bá dá sí àǹkárá yóò padà dí. Ihò ara rọ́bà kì í dí, omi yóò sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Pẹ́ẹ̀gì tí ẹ fi ń sá aṣọ ni kí ẹ fi mú etí méjèèjì pọ̀.

Èkejì, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù kàn án, yóò yọ́. Bí ó bá ti ká, ẹ tẹ́ ẹ sínú oòrùn fún ìgbà díẹ̀, yóò rọ̀, yóò sì tẹ́jú fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ojú abẹ́rẹ́ jìnnà síra wọn. Mẹ́fà tàbí méje nínú ínṣì kan ti tó. Ẹ rántí sítáǹbù tí a ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà: ihò wẹ́wẹ́ tí ó sún mọ́ra ni ó jẹ́ kí ó rọrùn láti ya. Bí ẹ bá rán rọ́bà ní ìránpọ̀ mọ́ra, ẹ ti sọ ọ́ di sítáǹbù nìyẹn, afẹ́fẹ́ kan ni yóò fà á já. Nítorí èyí kan náà, ẹ má fi ẹ̀rọ rán padà sẹ́yìn láti dí ẹnu òwú. Ẹ fa òwú méjèèjì sí ẹ̀yìn, kí ẹ fi ọwọ́ ta á ní kókó.

Ẹ̀kẹrin, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ máa ń lẹ̀ mọ́ rọ́bà, kò ní jẹ́ kí ó rìn. Ẹ fi pépà fẹ́lẹ́ sí orí rọ́bà, kí ẹ rán pépà àti rọ́bà pọ̀, bí ẹ bá parí, kí ẹ fa pépà ya kúrò. Ẹ rọra yí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ aláfọwọ́yí tí àwọn ọ̀dọ́ ń fojú kéré, òun ni ó dára jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé kì í kánjú.

Wàyí o, ẹ má kọ́kọ́ gé ihò fèrèsé sára tapólì. Bí ẹ bá kọ́kọ́ gé e, tapólì yóò wọ́, fèrèsé yóò sì ká. Ẹ tẹ́ tapólì sílẹ̀ láìgé, kí ẹ gbé rọ́bà lé ibi tí ẹ sàmì sí, ní apá tí yóò kọjú sínú kẹ̀kẹ́. Ẹ gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rọ́bà kí ó rí rubutu díẹ̀, nítorí igun ṣóńṣó ni ó máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ẹ rán an yíká ní ibi tí kò tó ínṣì kan sí etí rọ́bà. Lẹ́yìn èyí, ẹ yí i padà, kí ẹ wá fi sísọ́ọ̀sì gé tapólì nìkan kúrò ní àárín, kí ihò náà kéré sí fèrèsé ní ìdajì ínṣì yíká. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì bu igun rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ ṣẹ́ ìdajì ínṣì náà wọ àárín tapólì àti rọ́bà, kí ẹ sì rán an lẹ́ẹ̀kejì. Ìlà ìránṣọ méjì ni fèrèsé ní báyìí. Bí ọ̀kan bá já, èkejì yóò dì í mú títí ẹ óò fi délé.

Kí ẹ tó gbé e fún ẹni tí ó ni ín, ẹ gbé e kọ́ sórí okùn, kí ẹ da kọ́ọ̀bù omi méjì sí i. Ibi tí omi bá ti ń sun wọlé, ẹ óò rí i kí òjò tó rí i.

IBI TÍ Ẹ̀MÍ WÀ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, gbogbo ohun tí a ti sọ títí di ìsinsìnyí, aránṣọ tí ó bá mọṣẹ́ lè fi orí ara rẹ̀ rò ó. Èyí tí a fẹ́ sọ báyìí ni a torí rẹ̀ kọ̀wé. Dídí òjò ni ó rọrùn jù nínú iṣẹ́ aṣọ ìkélé. Ohun tí ó le ni kí ó ṣeé ṣí ní kíá.

Ẹ ronú sí kẹ̀kẹ́ tí ó dojú dé sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ títì. Bí a bá fi wáyà so aṣọ ìkélé rẹ̀ mọ́ irin lókè àti nísàlẹ̀, báwo ni ọmọ tí ó wà nínú rẹ̀ yóò ṣe jáde? Bí a bá fi síìpù pa á dé, tí yẹ̀pẹ̀ sì ti wọnú síìpù náà, ta ni yóò ṣí i? Orí omi ni ọ̀rọ̀ yìí ti burú jù. Ní àwọn ọ̀sà Èkó, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́ àti Badagry, ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dojú dé, aṣọ ìkélé tí a so pinpin yóò di àwọ̀n, ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sì di ẹja. Nítorí náà, bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú omi tí ó ní aṣọ ìkélé, ẹ kọ́kọ́ wo bí a ti ń ṣí i, kí ẹ tó jókòó. Kí ẹ sì wọ ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó.

Báwo wá ni a ó ṣe so ti kẹ̀kẹ́? Òkè nìkan ni kí ẹ so pinpin mọ́ irin òrùlé. Kí ìsàlẹ̀ wà ní títú sílẹ̀, kí ẹ kàn ki okùn nínípọn bọ ìṣẹ́tí rẹ̀ kí ó lè wúwo, kí afẹ́fẹ́ má baà máa gbé e. Ní ẹ̀gbẹ́, ẹ lo ohun tí ń lẹ̀ mọ́ra bí ìlẹ̀mọ́ bàtà ọmọdé, èyí tí ń dún ṣáràrà bí a bá fà á. Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe rí ohun yẹn? Èèmọ́ inú igbó ni. Ní ọdún 1941, ará Switzerland kan tí ń jẹ́ George de Mestral jáde lọ sínú igbó pẹ̀lú ajá rẹ̀. Nígbà tí ó padà, èèmọ́ ti lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀ àti irun ajá. Ó fi ẹ̀rọ awò wo èèmọ́ náà, ó rí àwọn ìkọ́ wẹ́wẹ́ lára rẹ̀, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ronú sí i títí ó fi gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọdún 1955. Orúkọ tí ó sọ ọ́ ni Velcro. Èèmọ́ tí àwọn ọmọ wa ń já kúrò lára aṣọ bí wọ́n bá ti oko dé ti di ohun tí ó lè gba ẹ̀mí wọn là nínú kẹ̀kẹ́.

Ẹ fi ègé rẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ínṣì 2, sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi sí i láti òkè délẹ̀. Ìdánwò kan wà tí a fẹ́ kí ẹ máa ṣe ṣáá kí ẹ tó gba owó iṣẹ́: ẹ sọ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ kan pé kí ó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ náà, kí ó sì fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣí aṣọ ìkélé láti inú. Bí kò bá lè ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ yín kò tíì parí, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó.

Ohun kan kù. Ẹ má dí gbogbo ojú ihò pátápátá. Ẹ fi àyè tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá sílẹ̀ ní òkè, lápá iwájú. Ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́ wà lẹ́yìn, èéfín rẹ̀ sì lè yí wọlé. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín ẹ́ńjìnnì tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀. A ń pè é ní carbon monoxide. Ó máa ń mú kí orí fọ́ ènìyàn, kí oorun kùn ún, ó sì lè pa á láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ní orí ọkọ̀ omi tí a fi aṣọ ìkélé bò yíká, afẹ́fẹ́ yìí ti pa ènìyàn rí ní òkè òkun. Kí òjò ta sí wa lára díẹ̀ sàn ju kí a sùn kí a má jí lọ.

ÌTỌ́JÚ RẸ̀

Ẹ rántí ẹní Ògòtún tí a mẹ́nu bà. Ta ni ó ń ṣẹ́ ẹní rẹ̀ po sí mẹ́rin bí ìró? Kíká ni a ń ká ẹní. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni rọ́bà gaara. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ po, ibi tí ó ti ṣẹ́ yóò funfun, yóò sì sán. Ẹ ká a, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ sí àárín rẹ̀, kí ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò dé.

Bí ẹrẹ̀ bá ta sí i, ẹ má fi àkísà gbígbẹ nù ún, yẹ̀pẹ̀ inú ẹrẹ̀ yóò ha á, kò sì ní pẹ́ tí a kò fi ní ríran kọjá nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ kọ́kọ́ da omi lé e lórí, kí ẹ wá fi aṣọ rírọ̀ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Kànrìnkàn kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kẹrosíìnì tàbí bẹntiróòlù. Bí ọdún ti ń lọ, oòrùn yóò mú un pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ tí awakọ̀ bá ti ń fún ojú pọ̀ kí ó tó ríran, ẹ tú fèrèsé nìkan, kí ẹ rán tuntun sí i. Tapólì yóò ṣì wúlò.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ o: ẹ má fi àjákù rọ́bà yìí dáná. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi ọ̀rá ṣáná sí èédú kí ó lè tètè ràn. Èéfín PVC ní oró, ó ń jó ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró, oúnjẹ ọmọ sì ni ẹ ń sè lórí rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kékeré fi àjákù rẹ̀ bojú ṣeré.

ÈRÈ INÚ RẸ̀

Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí ń wa kẹ̀kẹ́ kò ì tíì ni ín. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ olówó, wọ́n sì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Olówó kì í bèèrè bóyá òjò rọ̀. Ọjọ́ tí èrò bá wo kẹ̀kẹ́ tí omi kún inú rẹ̀, tí wọ́n sì kọ̀ láti wọ̀ ọ́, gbèsè ọjọ́ náà kò dín kù. Ìyàwó àti ọmọ ni ó ń jẹ ìyà rẹ̀ nílé. Nítorí náà, aṣọ ìkélé tí ó dára jẹ́ ohun tí ọkọ yóò fi ṣiṣẹ́ ní oṣù mẹ́fà òjò. Ìyàwó tí ó bá ní ẹ̀rọ ìránṣọ ní ìgun yàrá lè rán an fún ọkọ rẹ̀ ní ọjọ́ méjì.

Bí ó bá sì dára, àwọn ẹlẹgbẹ́ ọkọ yóò béèrè ibi tí ó ti rán an. Nígbà náà, ẹ kọ iye tí ẹ fi ra rọ́bà, tapólì, òwú àti ìlẹ̀mọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi owó ọwọ́ yín kún un, kí ẹ má sì ṣe gbàgbé owó ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ lọ sí Adó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, kí òjò tó dé. Ẹni tí ó bá dúró di ọjọ́ òjò yóò rí oníbàárà púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní rí rọ́bà rà.

Nígbà tí ẹ bá tún gba ojú ọ̀nà Ìlawẹ̀ lọ sí Ìkógòsì, ẹ bojú wo ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ tí ẹ wọ̀ bí ẹ ti ń kọjá ní Ìgbàrà-Odò. Ẹ wò ó bóyá awakọ̀ ń rí ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan fa aṣọ ìkélé náà, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣí. Bí kò bá ṣí, ẹ rọra sọ fún ọmọ náà bí ìyá ti ń sọ fún ọmọ rẹ̀, kí ẹ sì júwe ilé aránṣọ fún un. Ó dìgbà kan ná o.